Ojú Tí Kò Dunni Lè Ní Glaucoma

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí ìfúnpá inú ojú bá ga, ojú á máa ro ni, tàbí kó máa pọ́n. Irú glaucoma (àrùn tó ń ba iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ jẹ́) tó wọ́pọ̀ jù kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Inú ojú ni omi kan ti ń sun tọ̀sán-tòru (omijé kọ́ o), ó sì ń jáde ní igun tó yí ẹyinjú dúdú ká. Bí ọ̀nà yẹn bá ń dí díẹ̀díẹ̀, omi ò ní torí ẹ̀ ṣíwọ́ sísun, ìfúnpá á sì máa gòkè láìpariwo. Ìgbà tí igun náà bá dí lójijì ni ojú máa ń dunni burúkú, pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí àti èébì. Ẹni tí ìyẹn bá ṣe, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.

Ẹ̀yìn ojú ni ìbàjẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Iṣan ìríran jẹ́ àkójọ fọ́nrán tó tó mílíọ̀nù kan, ihò wẹ́wẹ́ bíi ti asẹ́ ni wọ́n sì ń gbà jáde lọ sí ọpọlọ. Ìfúnpá á ti asẹ́ yìí sẹ́yìn, ihò rẹ̀ á wọ́, á sì máa há àwọn fọ́nrán mọ́. Ohun tó ń gbé wọn ró láti ọpọlọ ò ní lè kọjá dáadáa mọ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ náà á dín kù. Èyí tó bá kú nínú wọn ti lọ nìyẹn, kì í hù padà.

Ẹ̀gbẹ́ ìríran ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Ojú kejì á máa bò ó mọ́lẹ̀, ọpọlọ á máa dí àlàfo náà. Ìdí nìyí tí èèyàn fi lè ka lẹ́tà tó kéré jù lára pátákó dókítà nígbà tí iṣan rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an.

Ẹ má sì jẹ́ kí iye ìfúnpá nìkan fi yín lọ́kàn balẹ̀. Mílímítà mẹ́kúrì 10 sí 21 ni wọ́n ń pè ní déédéé, síbẹ̀ iṣan àwọn kan ń bàjẹ́ láàárín rẹ̀, tàwọn mìíràn tó ju 21 lọ kò sì bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ iṣan náà fúnra rẹ̀ wò, kó sì wọn bí ẹ ṣe ń rí ẹ̀gbẹ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn tó ń pa oògùn ẹ̀kán-sójú tì torí pé “mi ò rí ìyàtọ̀”. Kì í dá èyí tó ti lọ padà; ó ń dín ìfúnpá kù kí èyí tó kù má bàa lọ ni. Bí òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá ní àrùn yìí, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò báyìí, kódà bí ẹ bá ń ríran kedere.