Kẹ̀kẹ́ Ológeere Kì í Sọ Ọkùnrin Di Akúra

Ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere ní Àbújá. Èyí tó ní táyà méjì tí a ń fi ẹsẹ̀ wà ni mò ń wí o, kì í ṣe Márúwá. Láti ìgbà náà, bí mo bá lọ sí ìkómọ tàbí òkú àgbà láàárín àwa Yorùbá Kubwa àti Lugbe, ẹnì kan á fà mí sí kọ̀rọ̀. Á gbé ọwọ́ lé mi léjìká, á rẹ ohùn sílẹ̀: "Bọ̀dá, ẹ rọra o. Kẹ̀kẹ́ yẹn máa ń pa nǹkan ọkùnrin." Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tilẹ̀ gbé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wá fún mi láti Ìlọrin, odidi jálá kan. Ó ní, "Àna mi, ẹ má bínú, àbúrò mi ni mò ń rò."

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́, ó sì ti ṣe ọ̀rẹ́ mi kan ní jàǹbá. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ síta, kí ẹlòmíràn má baà kó sí i.

Ọmọ Èkìtì ni, iṣẹ́ ọba ló ń ṣe, òun ló sì fà mí wọ inú kẹ̀kẹ́ gígun. Ní àárọ̀ Sátidé, kí aago mẹ́fà tó lù, á ti wà lẹ́bàá adágún Jabi, á ti máa fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ẹni tó gbàgbé ti ẹ̀. Ẹni ọdún 44 ni nígbà tí nǹkan kò lọ déédéé mọ́ láàárín òun àti ìyàwó rẹ̀ lórí ibùsùn. Ó fi ọ̀rọ̀ lọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán tó fi dáhùn: "Kẹ̀kẹ́ ni." Ó ta kẹ̀kẹ́ náà ní ìdajì owó tó fi rà á, ó bẹ̀rẹ̀ àgbo. Ó mu àgbo fún ọdún kan ó lé, kò sí ìyàtọ̀. Ó ń sanra. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ lóru, ó ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Ìgbà tí egbò kékeré kan lẹ́bàá èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ tí kò san ló tó lọ sí ọsibítù. Àtọ̀gbẹ ni. Dókítà ní ó ti pẹ́ lára rẹ̀, pé òun gan-an ló ń ba iṣan nǹkan ọkùnrin rẹ̀ jẹ́. Eré ìdárayá tí ì bá ràn án lọ́wọ́ ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí a fi àgbo rọ́pò.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé nǹkan ọkùnrin dìde. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ tínrín ju èyí tó ń gbé e lọ sí ọkàn, nítorí náà bí iṣan ara bá ń dí, ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ fi hàn, nígbà míì ní ọdún mélòó kan kí ọkàn tó sọ tirẹ̀. Àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá, ọtí àmujù, ara sísanjù, àwọn oògùn kan, àníyàn: àwọn wọ̀nyí ni dókítà máa ń wá kiri bí ọkùnrin bá mú irú ẹjọ́ yìí wá. Bí ẹni tí nǹkan kọṣẹ́ fún bá sì ti dá kẹ̀kẹ́ lẹ́bi, kò ní lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni ewu ìgbàgbọ́ yìí wà.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ bi ara wa: ta ni kò gun kẹ̀kẹ́ nínú àwọn bàbá wa? Tíṣà, ọlọ́pàá, akọ̀wé kóòtù, àwọn tó ń ra kòkó káàkiri oko, ẹlẹ́mu tó so agbè mọ́ ẹ̀yìn Raleigh, kẹ̀kẹ́ ni gbogbo wọn fi ń rìn, ilé wọn sì kún fún ọmọ. Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ wa, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ẹni ọdún 68, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Kubwa. Bàbá Tíṣà là ń pè wọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni wọn kò ti fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí. Nígbà tí ìyàwó wọn ń rọbí àkọ́bí, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gbé e sí dé ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n ń fi ọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ mú, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì di ìyàwó mú láti ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́, wọ́n á na ọwọ́ òsì sẹ́yìn, bí ẹni pé ó ṣì jókòó síbẹ̀.

Lójú ọ̀nà Bwari náà, a máa ń pàdé àwọn ọkùnrin tó di àpò èédú mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń wà á bọ̀ wá sí ọjà, lójoojúmọ́ ayé. Ọ̀kan tí a máa ń ra èédú lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìyàwó méjì àti ọmọ mẹ́sàn-án. Kò tilẹ̀ gbọ́ ọ rí pé kẹ̀kẹ́ ń pa ọkùnrin. Nígbà tí a túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí Hausa fún un, ó ní ká tún un sọ.

Ẹnì kan lè ní kẹ̀kẹ́ àtijọ́ yàtọ̀ sí ti ìsinsìnyí. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìjókòó Raleigh fẹ̀, awọ ni wọ́n fi ṣe é, sípíríǹgì wà lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà sì ga, ẹni tó bá gùn ún á nà ró. Orí egungun ìdí méjèèjì ni ìwúwo rẹ̀ máa wà, bí ìgbà tó jókòó sórí àpótí. Kẹ̀kẹ́ eré ìje ti òde òní ní ìjókòó tóóró, ọwọ́ rẹ̀ sì rẹlẹ̀, ẹni tó gùn ún á tẹ̀ síwájú. Bí wọn kò bá tò ó bó ṣe yẹ, ìwúwo á kúrò lórí egungun, á bọ́ sí ibi rírọ̀ tó wà láàárín ẹpọ̀n àti ihò ìdí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sí ojú ara ń gba ibẹ̀ kọjá. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, pajápajá á mú un, bí ó ṣe ń mú ẹsẹ̀ ẹni tó ká ẹsẹ̀ jókòó pẹ́ ní mọ́sálásí. Ó ti ṣe èmi náà rí, ní oṣù àkọ́kọ́ mi, ẹ̀rù sì bà mí gan-an. Ó dá mi lójú pé inú irú ẹ̀rù báyìí ni ìgbàgbọ́ yìí ti jáde.

Àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣọ́ ìlú ní ìṣòro yìí. Ìwádìí ìjọba wọn tó jáde ní 2008 kó 90 nínú wọn jọ, wọ́n fún wọn ní ìjókòó tí wọ́n gé ṣóńṣó iwájú rẹ̀ kúrò, wọ́n lò ó fún oṣù mẹ́fà. Tẹ́lẹ̀, 27% péré ló sọ pé pajápajá kì í mú àwọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó di 82%. Wọ́n ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ o. Ìjókòó nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Ní 2018, ìwádìí àwọn dókítà University of California ní San Francisco jáde nínú Journal of Urology. Wọ́n fi ọkùnrin 2,774 tó ń gun kẹ̀kẹ́ wé 539 tó ń lúwẹ̀ẹ́ àti 789 tó ń sáré. Ní ti ọ̀rọ̀ ibùsùn, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ kò kéré sí àwọn tó kù. Wọ́n rí i pé ojú ọ̀nà ìtọ̀ tó ń há wà lára àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, wọ́n sì rí pajápajá. Ẹni tó bá ń dìde dúró lórí kẹ̀kẹ́ fún ju ìdá kan nínú márùn-ún àkókò rẹ̀ lọ, pajápajá rẹ̀ máa ń dín kù gan-an. Ní Ìlú Ọba, ọkùnrin ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ 5,282 ni wọ́n bi ní ọ̀rọ̀ nínú ìwádìí tó jáde ní 2014. Wákàtí orí kẹ̀kẹ́ pọ̀, ó kéré, kò yí ọ̀rọ̀ nǹkan ọkùnrin tàbí àìrọ́mọbí padà. Kí n má fi nǹkan pamọ́: ìwádìí kan náà rí i pé jẹjẹrẹ prostate (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀) ń pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ti lé ní 50 bí wákàtí tí wọ́n ń gùn ún lọ́sẹ̀ ṣe ń pọ̀, pàápàá àwọn tó ju wákàtí mẹ́jọ àbọ̀ lọ, àwọn tó ṣe é sì sọ pé kò tíì tó ohun tí a lè fi dájọ́. Bákan náà, ẹni tó ń wá ọmọ lọ́wọ́, tí àyẹ̀wò sì ti fi hàn pé àtọ̀ rẹ̀ kéré, kó sọ fún dókítà iye wákàtí tó ń gùn, nítorí ìwádìí kan láàárín àwọn ọkùnrin tó lọ sí ilé ìwòsàn nítorí àtirọ́mọbí rí i pé wákàtí márùn-ún lọ sókè lọ́sẹ̀ lè dá kún un. Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá sí ká sọ ènìyàn di akúra.

Ti àwọn obìnrin ló ń dùn mí jù. Nọ́ọ̀sì kan wà nínú wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń gbé Gwarinpa. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ gba kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní á gba ìbálé rẹ̀, pé ilé ọmọ rẹ̀ á yí. Ẹni ọdún 31 ni kó tó tún gbé ẹsẹ̀ lé kẹ̀kẹ́. Ó bí ọmọ rẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìyẹn. Òun ló máa ń ṣàlàyé fún àwọn ìyá tó ń mú ọmọbìnrin wá pé awọ tínrín tí wọ́n ń pè ní ìbálé kò rí bákan náà lára gbogbo ọmọbìnrin, pé kò sì lè sọ ẹni tó ti mọ ọkùnrin àti ẹni tí kò tíì mọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé pẹ̀lú àwọn àjọ United Nations méjì sọ ní 2018 pé kí gbogbo ayé dẹ́kun àyẹ̀wò ìbálé, nítorí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Mo ń rí àwọn ọmọbìnrin tó ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn lọ sí iléèwé láàárọ̀ lójú ọ̀nà Ushafa, tí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin sì wà nílé. Ó ń ká mi lára.

Àwọn tó fi kẹ̀kẹ́ ṣe iṣẹ́ ńkọ́? Pápá eré kẹ̀kẹ́ wà níbí, ní Moshood Abiola National Stadium, èyí tí wọ́n kọ́ fún All-Africa Games ti 2003. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gùn níbẹ̀ kò ní bíréèkì, jíà kan ṣoṣo ló ní: bí táyà bá ń yí, ẹsẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ máa yí. Nínú irú eré yìí ni Ese Ukpeseraye ti ṣojú Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì Paris ní 2024, lórí kẹ̀kẹ́ tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Jámánì. Ìtìjú nìyẹn jẹ́ fún wa, kì í ṣe fún un. Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, gba Gent-Wevelgem, eré kẹ̀kẹ́ ńlá kan ní Belgium, ní March 2022. Eré ńlá mìíràn kù lọ́jọ́ mélòó kan, wọ́n ní kó dúró, ó ní rárá, òun ń lọ wo ìyàwó òun àti ọmọbìnrin òun nílé. Ní 2024 ó gba ìpele mẹ́ta nínú Tour de France, ó sì gba aṣọ àwọ̀ ewé tí wọ́n ń fún ẹni tó kó máàkì jọ jù níbẹ̀. Chris Froome, tí wọ́n bí sí Nairobi, gba Tour náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ọmọ méjì ló ní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni eré yẹn ń gbà, ó sì lé ní 3,000 kìlómítà.

Bí ẹ bá ní kẹ̀kẹ́ nílé, ìjókòó rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ tí a ń rà níbí ni ṣóńṣó ìjókòó wọn nà sókè. Ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ wa ṣe ní Dutse Alhaji, ọmọ Kánò, kì í jẹ́ kí ènìyàn gbé kẹ̀kẹ́ lọ láìtò ó. Á ní kó o jókòó, kó o gbé gìgísẹ̀ lé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ níbi tó rẹlẹ̀ jù. Bí orúnkún rẹ bá ká, ìjókòó ti rẹlẹ̀ jù. Bí ìdí rẹ bá ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó ti ga jù. Lẹ́yìn náà á tẹjú ìjókòó kó lọ gbọọrọ, á gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè kó bá a dọ́gba. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí o bá ń lọ, máa dìde dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí pajápajá bá sì ń mú ọ, tí kì í lọ lẹ́yìn tí o bá sọ̀ kalẹ̀, lọ rí dókítà.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin Dutse Alhaji yìí ni ọ̀rẹ́ mi ti lọ to kẹ̀kẹ́ tuntun tó rà ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ó ń lo oògùn rẹ̀, ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀, egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jinná. Nǹkan ń padà bọ̀ sípò nílé díẹ̀díẹ̀, dókítà ní kí àwọn méjèèjì ní sùúrù. Ní Sátidé tó kọjá, a gba Kubwa lọ sí Bwari. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkè Ushafa, ó dìde dúró lórí kẹ̀kẹ́, ó sì gùn ún dé òkè láìsọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti wa mọ́tò ṣáájú wa débẹ̀, ó gbé omi dání.