Ẹ má padà lórí àtẹ̀gùn Ìdànrè

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ sí Òkè Ìdànrè, ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ọ̀pọ̀ nínú yín ò tíì dé ìlú àtijọ́ tó wà lórí rẹ̀ rí. Ẹ gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600, ẹ ya fọ́tò, ẹ gbé e sórí Facebook, ẹ bá sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìlú náà ṣì ń bẹ níwájú, láàárín àwọn àpáta, ẹ ṣì máa rìn díẹ̀ kẹ́ ẹ tó kàn án.

Eré àsápajúdé ló ń dá èèyàn padà. Ibi ìsinmi 5 ló wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá sáré kọjá méjì àkọ́kọ́, níbi kẹta ni orúnkún á ti máa gbọ̀n. Ẹ jókòó ní gbogbo wọn, bí kò tiẹ̀ rẹ̀ yín. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, torí tó bá di ọ̀sán, ooru á máa ti ojú ọ̀run bọ̀, á tún máa ti inú àpáta bọ̀. Lítà omi méjì fẹ́nì kan. Ẹ má wọ sílípáàsì: bí òjò bá rọ̀, orí àpáta a máa yọ̀ bí ilá.

Lókè lọ́hùn-ún lẹ ó ti rí ààfin Ọwá àtijọ́ àti òpó gbígbẹ́ inú àgbàlá rẹ̀, ilé ẹjọ́, ilé ẹ̀kọ́, àti ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, ẹni inú ìtàn àtijọ́ ìlú náà, lórí àpáta. Wọ́n ní kò sẹ́ni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ kì í bá a mu, àfi àjẹ́. (Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́, a rí yín o.) Ọdún 1923 làwọn ará ìlú sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ wọn ò fi òrìṣà ibẹ̀ sílẹ̀.

Ògiri ibẹ̀ tó ń wó ló ń dùn mí. Òjò kì í déédéé wó ògiri amọ̀. Páànù ló máa ń kọ́kọ́ ṣí, omi á gba orí ògiri wọnú rẹ̀, ó parí. Òrùlé ló yẹ kí wọ́n máa tún ṣe kójò tó dé, kí wọ́n sì fi amọ̀ rẹ́ ògiri, kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Sìmẹ́ńtì a máa há omi mọ́nú amọ̀: lójú, ògiri dúró digbí, nínú, ó ti di ẹrẹ̀. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti kọ Ìdànrè sára àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé, ẹ̀yin náà ẹ wo òrùlé.

Ẹni tó bá sì gbé ọ̀dà dání láti kọ orúkọ sára àpáta, kó fi sílẹ̀ sínú mọ́tò.