Búrẹ́dì Tó Ṣẹ́kù

(Ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ okòwò ní yunifásítì kan, agogo mẹ́wàá àárọ̀ ku díẹ̀. Bàbá Aṣọ́nà jókòó, ó gbé ìwé àlejò lé itan. Ẹsẹ̀ àga rẹ̀ kan ti ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ń wádìí àga kò tíì sí níbẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì sọ ọpọ́n kalẹ̀. Búrẹ́dì àná 14 ló wà nínú rẹ̀.)

ÌYÁ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọmọ mi sọ fún mi pé inú ọgbà yìí ni àwọn tí wọ́n ń gba owó oṣù láti wádìí bí ọjà ṣe ń tà wà. Ẹ bá mi pe ẹni tó mọ ọjà jù lọ nínú wọn.

BÀBÁ: Ìyá, kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Wọ́n pín ara wọn sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ bí alápatà ṣe ń pín màlúù, ẹni tó mú itan kì í sì í bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìfun. Àwọn oníṣirò owó ló ń ṣèpàdé lọ́jọ́ Ajé, àwọn tó ń wádìí ìdókòwò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn tó ń wádìí ìwà òṣìṣẹ́ ní Ọjọ́rú, àwọn tó ń wádìí bí a ṣe ń kó ọjà ní Ọjọ́bọ̀, àwọn tó ń wádìí oníbàárà lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ sọ ibi tó ń dùn yín, kí n lè mọ yàrá tí n ó kọ síwájú orúkọ yín.

ÌYÁ: Ṣé ilé ìwòsàn ni mo wá ni? Búrẹ́dì ló ń ṣẹ́kù!

BÀBÁ: Ta ló ń bá yín tà á?

ÌYÁ: Ọmọ àbúrò mi ni. Bí mo bá jókòó tì í, a ó tètè tà. Bí mo bá ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, oorun ló kàn.

BÀBÁ: Ti Ọjọ́rú nìyẹn. Lọ́dún 1924 ni ilé-iṣẹ́ Western Electric nítòsí Chicago, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bóyá iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa yóò mú kí òṣìṣẹ́ tẹpá mọ́ṣẹ́. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe fi kún iná ni iṣẹ́ ń pọ̀, bí wọ́n sì ṣe dín in kù ni iṣẹ́ tún ń pọ̀, títí àwọn kan fi sọ pé wíwò tí wọ́n ń wo àwọn òṣìṣẹ́ náà ló ń ṣe é, kì í ṣe iná. Àwọn tó tún àkọsílẹ̀ ìwádìí náà yẹ̀ wò lẹ́yìn ìgbà náà ní ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

ÌYÁ: Báwo lẹ ṣe mọ gbogbo èyí?

BÀBÁ: Èmi náà ni wọ́n fi ṣèwádìí! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni akẹ́kọ̀ọ́ wọn kan fi jókòó tì mí, tó ń fi bírò kọ iye ìgbà tí mo bá ṣí géètì. N kò fojú kan oorun ọ̀sán. Ó wà nínú ìwé báyìí pé aṣọ́nà ibí yìí kì í sùn.

ÌYÁ: Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ ńkọ́?

BÀBÁ: Ta ni yóò wá kọ ìyẹn sílẹ̀? Èló lẹ ń ra búrẹ́dì yìí?

ÌYÁ: 800 náírà ni mo ń rà á, 1,000 ni mo ń tà á. Tó bá sùn, àwọn bíríkìlà a rà á ní 500.

BÀBÁ (ó ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé àlejò): Ti Ọjọ́bọ̀ gan-an nìyí. Ìṣòro ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ìwé ìròyìn àná kò níyì lónìí. Bí oníbàárà bá dé tí kò bá búrẹ́dì, èrè 200 lẹ pàdánù. Bí ọ̀kan bá sùn mọ́ yín lọ́wọ́, 300 lẹ pàdánù. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 500, 200 sì jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá rẹ̀. Nítorí náà, iye tó yẹ kí ẹ máa kó ni èyí tó jẹ́ pé, nínú ọjọ́ 10, ọjọ́ 4 ni yóò kárí gbogbo ẹni tó bá wá, ọjọ́ 6 ni yóò sì tán kí oníbàárà tó tán.

ÌYÁ: Kí n máa dá oníbàárà padà lọ́jọ́ 6 nínú 10? Bàbá, ṣé Ìyá Bísí òdìkejì títì ló rán yín sí mi ni? Ẹni tó bá sọdá sọ́dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe 200 òní nìkan ló gbé lọ. Ó gbé ti ọ̀la àti ti ọ̀túnla lọ, ó sì tún mú ọkọ rẹ̀ dání.

BÀBÁ (ó wo ọ̀tún, ó wo òsì): Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn ti ọjọ́ Ẹtì lọ sọ nínú ìpàdé àwọn ti Ọjọ́bọ̀ nìyẹn, tó dìjà. Àwọn ti Ọjọ́bọ̀ ní kí wọ́n mú iye tí ìbínú oníbàárà jẹ́ wá, kí àwọn lè rò ó mọ́ 200 náà, ìṣirò yóò sì yí padà. Àwọn ti ọjọ́ Ẹtì ní àwọn ṣì ń pín fọ́ọ̀mù kiri láti mọ̀ ọ́n. Wọn kì í jọ gun àtẹ̀gùn kan náà mọ́.

ÌYÁ: Àwọn ti Ajé àti Ìṣẹ́gun ńkọ́?

BÀBÁ: Àwọn ti Ajé yóò bèèrè ìwé ìṣirò yín, kí wọ́n rí i bóyá ẹ ń kọ owó kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà méjì, bí àlùfáà Àgùdà ará Ítálì kan, Luca Pacioli, ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde ní Venice lọ́dún 1494.

ÌYÁ: Etí ìró ni mo ń so owó mi mọ́.

BÀBÁ: Ẹ jẹ́ ká fo ti Ajé. Àwọn ti Ìṣẹ́gun yóò ní kí ẹ má kó gbogbo owó lé ọjà kan ṣoṣo. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará Amẹ́ríkà kan, Harry Markowitz, ló fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀ lọ́dún 1952.

ÌYÁ: Mo ń ta ẹ̀wà pẹ̀lú. Ọjọ́ tí búrẹ́dì kò bá tà, ẹ̀wà náà kì í tà.

BÀBÁ: Ibẹ̀ ló ti bàjẹ́, wọ́n jọ ń rìn ni. Ọjà tí kò bá búrẹ́dì tan ni kí ẹ wá.

ÌYÁ (ó dákẹ́ díẹ̀): Bàbá, ó jọ pé ojoojúmọ́ ni ẹgbẹ́ kan ń ṣèpàdé.

BÀBÁ: Agogo mẹ́wàá géérégé.

ÌYÁ: Kí ni wọ́n ń fi mu tíì?

BÀBÁ: Bisikíìtì tó ti rọ̀ ni.

ÌYÁ (ó gbé ọpọ́n rù): Àwọn wo ló ni òní?

BÀBÁ: Òní ọjọ́ Ẹtì, àwọn tó ń wá iye tí ìbínú oníbàárà jẹ́. Ṣùgbọ́n Ìyá, búrẹ́dì àná mà ni!

ÌYÁ: Ẹ ṣí géètì. Kí wọ́n fi ìbínú tiwọn bẹ̀rẹ̀.

(Bàbá ṣí géètì. Ó nawọ́ mú búrẹ́dì kan lórí ọpọ́n, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àlejò: «Ó wọlé pẹ̀lú 13.»)