Òdo Lẹ́yìn Wákàtí 511

Ẹ bá mi kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kú iṣẹ́ o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣèèṣì já lu ohun tó kọ sábẹ́ apá kejì géèmù tí gbogbo wọn ń torí ẹ̀ gbéná wojú ara wọn báyìí. N ò ní dárúkọ géèmù ọ̀hún, torí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kì í sùn, èmi sì fẹ́ sùn. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà kọ kò pọ̀: "Ìdọ̀tí gbáà ni. Ẹ má fi àsìkò yín ṣòfò." Ó dorí àtàǹpàkò rẹ̀ kodò, ó tún wá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ òdo nínú mẹ́wàá kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í gbọ́. Àmọ́ Steam, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ra géèmù, kì í bá èèyàn bo àṣírí. Iye wákàtí tí o ti fi gbá géèmù ni wọ́n máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí o bá sọ nípa rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ni wákàtí 511.

Wákàtí 511! Mo pín in, mo tún un pín. Ọjọ́ 21 ni, ó fi wákàtí 7 lé. Ẹni tó bá ti sin adìyẹ rí á ti mọ ibi tí mò ń lọ, torí ọjọ́ 21 náà ni adìyẹ fi ń sàba. Bó bá jẹ́ ẹyin ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó lé ní gbogbo àsìkò yẹn, ì bá ti pa á, àwọn òròmọdìyẹ ì bá sì ti máa ké kiri àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ láti wákàtí méje sẹ́yìn. Mo ti rí adìyẹ tó sàba, mo mọ bó ṣe máa ń wo èèyàn bí ẹni pé èèyàn jẹ ẹ́ lówó. N ò rí èyí tó dìde lọ́jọ́ kọkànlélógún rí, kó gbọn ìyẹ́, kó wo àwọn ọmọ tó pa lọ́kọ̀ọ̀kan, kó wá ní, "Òdo. Ẹ má fi àsìkò yín ṣòfò." Adìyẹ tí ẹyin rẹ̀ dọ̀bu gan-an, bó bá yá, á ṣídìí. Ìdí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò ṣí.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká yìn ín, nítorí ìyìn tọ́ sí i. Adájọ́ wo ló ń fi wákàtí 511 gbọ́ ẹjọ́ kó tó dá a? Ó ní sùúrù, ó ní ìfaradà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà tó jẹ́ pé géèmù kò tíì wọ inú ẹ̀rọ wọn tán tí òdo wọn ti dé ìta. Ní 2020, nígbà tí apá kejì The Last of Us jáde, òdo rọ̀ lé e lọ́jọ́ náà gan-an bí òjò àkọ́rọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, géèmù tó ń gbà ju ogún wákàtí lọ ni. Ọ̀rọ̀ náà ká Metacritic, ìkànnì tó ń kó máàkì àwọn lámèyítọ́ àti ti ará ìta jọ, lára débi pé wọ́n ṣòfin: láti ìgbà náà, kí ará ìta tó fi máàkì sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró fún wákàtí 36 lẹ́yìn tí géèmù bá jáde. Wọ́n rò pé ìbínú á rọlẹ̀ kó tó pé. Ìbínú tí wọ́n bá ní kó dúró sẹ́nu ọ̀nà fún ọjọ́ kan ààbọ̀ kì í rọlẹ̀, ó máa ń lọ kó ọ̀rẹ́ wá ni.

Ẹ má rò pé mo wá gbè sẹ́yìn àwọn lámèyítọ́ o. Àwọn yẹn náà, ẹ wò wọ́n. Wọ́n ní àwọn ń fi máàkì sí géèmù láti orí ení títí dórí ẹ̀wá, ṣùgbọ́n a kì í rí wọn nísàlẹ̀ àkàbà. Orí 7 ni ilẹ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Bí lámèyítọ́ bá fún géèmù ní 7, kí ẹ mọ̀ pé òkú ló ń sin, 7 yẹn ni aṣọ tó fi dì í. Iléeṣẹ́ á fi géèmù ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú, á dá ọjọ́ fún wọn pé wọn ò gbọdọ̀ lanu kó tó di àárọ̀ báyìí, wọ́n á sì sáré gba ojú pópó ìtàn náà já láìyà síbì kankan, bí onímọ́tò tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ̀wé. Wọ́n á ní ìtàn rẹ̀ lọ́jú pọ̀ láàárín, àwọn ọ̀tá rẹ̀ ò lọ́pọlọ, ó máa ń dúró gbagidi nígbà míì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìwé oògùn. 9 nínú 10.

Ẹ̀wẹ̀, máàkì tí wọ́n ń fọ́n kiri yìí ń pa ẹni ẹlẹ́ni lára. Ẹ lọ bi àwọn Obsidian tó ṣe Fallout: New Vegas léèrè. Ní 2010 ni géèmù náà jáde. Àdéhùn tó wà láàárín àwọn àti iléeṣẹ́ tó gbé e jáde ni pé bí máàkì rẹ̀ lórí Metacritic bá wọ 85, àwọn á gba owó kan kún owó iṣẹ́. 84 ló já sí. Máàkì kan péré! Ẹnì kan níbì kan fi 7 dì í, owó àwọn tó ṣiṣẹ́ bá a wọlẹ̀ lọ. Lónìí, ẹ bi àwọn olólùfẹ́ Fallout léèrè èwo ló dùn jù nínú gbogbo rẹ̀, kí ẹ wá gbọ́ iye ẹnu tó máa dárúkọ New Vegas.

Àwọn kan ṣoṣo tí inú mi lè yọ́ sí nínú gbogbo àwọn abínú yìí ni àwọn oníkéèkì. Lẹ́yìn tí Mass Effect 3 jáde ní oṣù kẹta 2012, àwọn lámèyítọ́ gbé e gẹ̀gẹ̀, wọ́n fún un ní nǹkan bí 90 nínú 100. Àwọn olólùfẹ́ ní irọ́ ni. Odindi géèmù mẹ́ta ni wọ́n fi ń sọ fún wọn pé ohun tí o bá yàn ló máa bí òpin ìtàn rẹ, ìgbà tí òpin wá dé, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kò ju àwọ̀ mẹ́ta lọ: pupa, àwọ̀ ewé, àti búlúù. Ni wọ́n bá dáwó jọ, wọ́n ra kéèkì kéékèèké bí irínwó, wọ́n fi ṣúgà pupa, ti àwọ̀ ewé àti búlúù bò wọ́n lórí, wọ́n kó wọn ránṣẹ́ sí BioWare, iléeṣẹ́ tó ṣe géèmù náà, ní Edmonton, ní Kánádà. Yan èyí tó wù ọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn ṣe ń dùn lẹ́nu. Ẹ gbọ́ ná, èèyàn tó bínú tó sì lè ronú dé ìdí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, n ò lè pè é ní aṣiwèrè. Kò sí òdo nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òye ọ̀rọ̀ yé gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pín kéèkì lọ́wọ́ ni ẹlòmíràn nínú wọn kọ̀wé ẹ̀sùn lọ sí Federal Trade Commission, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìṣòwò ní Amẹ́ríkà, pé òpin ìtàn géèmù kò bá ohun tí wọ́n fi polówó rẹ̀ mu. Ìjọba! Torí òpin ìtàn! Ní oṣù kẹfà, BioWare fẹ òpin náà lójú, wọ́n fi í tọrẹ láìgba kọ́bọ̀. Àwọn kan ní kò tó.

Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ ìbínú tó nídìí, ẹ wá jókòó síbí kí n sọ ti ihò fún yín.

Oṣù kọkànlá 2009 ni Dragon Age: Origins, géèmù BioWare mìíràn, jáde. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ gbá a, páàdì kan, èèyàn méjì, tí ọmọ tó ń pín òdo lónìí yìí ń rákòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó ń fi èrìgì rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la eyín jẹ wá ní páàdì. Ìgbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń ṣèdájọ́ Loghain, ọ̀gágun tó dalẹ̀ ọba rẹ̀ nínú ìtàn náà, páàdì wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kí ó pa á. Ó ní ọkùnrin náà ṣì wúlò, ó dá a sí. Alistair bínú, ó fi wá sílẹ̀ lọ, Alistair tí a ti jọ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀! Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni n ò bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Títí dòní, bí a bá jókòó pọ̀ tí ọ̀rọ̀ Loghain bá yọ, ìyàwó rẹ̀ máa ń dìde kúrò láàárín wa ni. A ò mọ iye máàkì tí ẹnikẹ́ni fún un. A ò bèèrè. Ọ̀rọ̀ Loghain ti pọ̀ jù fún wa.

Oṣù kẹta 2011 ni apá kejì dé. Oṣù mẹ́rìndínlógún péré! Mo wọ inú ihò kan, mo ja ìjà, mo jáde. Ó dáa. Mo lọ sórí òkè, wọ́n rán mi wọ ihò mìíràn. Mo wò ó, ojú rẹ̀ jọ ojú ẹni tí mo mọ̀. Mo lọ sétí òkun, ihò tún wà níbẹ̀. Òun náà ni! Òkúta kan náà, kọ̀rọ̀ kan náà, àbáwọlé tí wọ́n ti ní àná ni wọ́n ṣí lónìí, wọ́n wá ti èyí tó ṣí lánàá, bí ẹni pé ọmọdé ni wọ́n ń tàn. Àwòrán ilẹ̀ kékeré tó wà ní igun ojú ẹ̀rọ ń fi gbogbo ihò náà hàn mí, títí kan ibi tí wọ́n fi òkúta dí, kó lè dá mi lójú pé wọ́n mọ̀ pé mo mọ̀. Mo mọ ihò yẹn ju pálọ̀ mi lọ. Bí mo bá di arúgbó tí n ò mọ orúkọ àwọn ọmọ mi mọ́, ẹ gbé mi dé ẹnu rẹ̀, màá fi ojú dídì rìn ín já. Bí mo bá sì ní mo pa ọ̀tá tán, àwọn mìíràn á tún já bọ́ látòkè, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti wá, nínú ìlú kan ṣoṣo tí a há mọ́ fún odindi ọdún méje ìtàn. Àwọn lámèyítọ́ fún un ní ohun tó lé ní 80 nínú 100 lórí kọ̀ǹpútà. 80! Ó dájú pé ihò kan ṣoṣo ni wọ́n wọ̀.

Lásìkò náà ni àṣírí tún tú pé ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní BioWare fún géèmù náà ní 10 nínú 10 láàárín àwọn ará ìta, kò sì sọ ibi tó ti ń gba owó oṣù. Agbẹnusọ EA, iléeṣẹ́ tó ni BioWare, kò tọrọ àforíjì. Ó ní òun lè fi nǹkan ta á pé Obama náà dìbò fún ara rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn, mo ti gbọ́ àwáwí rí.

Ṣé ẹ rí i? Mo ti ń bínú. Ọdún 2011 rèé, mo sì ti ń bínú bí ẹni pé àná ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bó ṣe rí lára mi, ìyìn ti tán lẹ́nu mi. Ẹ̀yin olóòdo, ojú ò tì yín. Ẹ ò bínú sí géèmù, ẹ̀ ń bínú sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀ sì ń bínú sí ẹni tó ṣe é. Ní 2012 yẹn náà, obìnrin kan tó ń kọ ìtàn fún BioWare gba èébú àti ìhàlẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ní géèmù làwọn ń gbèjà. Èébú rẹpẹtẹ, lórí ẹni tó jókòó sídìí tábìlì tó ń kọ ìtàn! Ẹ̀yin lámèyítọ́ ẹ̀wẹ̀, bí olóòdo bá ti bú yín, ẹ ti rí àwáwí. Gbogbo ẹni tó bá ní ihò kan ti pọ̀ jù fún òun, ẹ á kó o mọ́ àwọn ẹlẹ́nu burúkú, ẹ á ní ọmọ ẹ̀yìn ìgbà àtijọ́ ni, kò fẹ́ ìyípadà. Ta ni ò fẹ́ ìyípadà? Ihò mìíràn ni mo bèèrè!

Mo pe ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ tí mo rí i.

"Bọ̀dá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú alẹ́."

"Kí ni géèmù yẹn ṣe ọ́?"

"Òpin rẹ̀ ni, Bọ̀dá. Òpin rẹ̀ burú."

"Wákàtí mélòó lo fi dé òpin?"

"Bí ọgọ́rin."

"Wákàtí 431 tó kù ńkọ́?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun padà lọ wò ó bóyá òpin mìíràn wà. Mo ní ẹ̀ẹ̀melòó. Ó ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Mo ṣírò rẹ̀ níṣojú rẹ̀, ó ku wákàtí 31.

"Ẹja ni mo ń pa," ló wí. "Odò kan wà nínú ẹ̀. Bọ̀dá, ká sòótọ́, ibi ẹja pípa yẹn dùn gan-an."

Mo ní, "Odò tó dùn, inú òdo ló wà?" Ó rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ adìyẹ fún un, mo ti mí kanlẹ̀, ni ó bá ní:

"Bọ̀dá, Dádì ní ẹ̀yin náà ti bínú sí géèmù kan rí nítorí ihò. Mélòó lẹ fún un?"

Mo ní kó bá mi kí bàbá rẹ̀.