Ta Ló Kù Tí Yóò Fọn Fèrè fún Yín?

Kò sí ọ́fúsáìdì nínú bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ọwọ́ jù wọlé. Kò sí i rárá. Kò sí i nínú kọ́nà, kò sì sí i nínú bọ́ọ̀lù tí aṣọ́lé gbé kalẹ̀ níwájú ilé rẹ̀ tó gbá jáde. Òfin Kọkànlá nínú ìwé òfin bọ́ọ̀lù ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò lọ́jú pọ̀, ọmọdé lè kà á kó sì yé e. Síbẹ̀, ní Sátidé tó kọjá, bàbá kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ó na ìka, iṣan ọrùn rẹ̀ le bí okùn, ó ń pariwo: "Ọ́fúsáìdì! Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Olè! Èló ni wọ́n fún ẹ?" Ta ló ń sọ ọ́ sí? Ọmọbìnrin ọdún 16 tó ń fọn fèrè. Lórí kí ni? Lórí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ọwọ́ jù wọlé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 sì ni o!

Èmi ni mo kọ́ ọmọ náà níṣẹ́. Oṣù mẹ́ta la fi jókòó ti ìwé òfin, láti Òfin Kìíní dé Òfin Kẹtàdínlógún, tí mò ń bi í léèrè, tó ń dá mi lóhùn. Ó mọ òfin ju gbogbo àgbàlagbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lọ́jọ́ yẹn lọ, kódà ó máa ń rán mi létí àwọn ibi tí èmi alára ti gbàgbé. Ìpinnu rẹ̀ tọ̀nà. Ó dúró lórí ìpinnu náà, ó sì parí eré. Nígbà tó fọn fèrè ìkẹyìn tán, ó rìn wá bá mi, ó bọ́ fèrè lọ́rùn, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Ẹ gbà, sà. Mi ò ṣe mọ́." Kò sunkún. Ì bá kúkú sunkún, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn díẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni inú ti ń bí mi, mi ò sì ṣe tán láti jẹ́ kí ó rọ̀.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń ké kiri pé rẹfirí tó mọṣẹ́ ti tán láyé. Ẹ̀yin lẹ̀ ń lé wọn lọ! Rẹfirí kì í jábọ́ láti ojú ọ̀run. Ẹni tí ẹ rí tó ń fọn fèrè ní Ife Àgbáyé, orí pápá àwọn ọmọdé ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí kò sí kámẹ́rà, tí kò sí ọlọ́pàá, tí kò sí ẹnì kankan láàárín òun àti ẹni tó fẹ́ gbá a lójú. Bí ẹ bá ti fi èébú lé e kúrò níbẹ̀, ta lẹ fẹ́ kó dàgbà di rẹfirí ńlá? Àwọn tó kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti lé àwọn olóye tán ni ẹ óò rí lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ iwájú, ẹ óò tún bú àwọn náà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé àwọn tí kò mọ òfin ni ohùn wọn ń ga jù. "Ẹni ìkẹyìn ni! Káàdì pupa!" Wọ́n ní ẹni tó ṣẹ̀ ló kù níwájú aṣọ́lé. Mo ti gbọ́ igbe yìí débi pé mò ń gbọ́ ọ lójú oorun. Ẹ wá fi ibi tí "ẹni ìkẹyìn" wà nínú ìwé òfin hàn mí. Kò sí níbẹ̀. Ohun tí òfin ní kí rẹfirí wò, kó tó sọ pé wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ dí àǹfààní góòlù tó hàn gbangba, ni bí ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ ṣe jìnnà sí ilé tó, apá ibi tí eré kọrí sí, bóyá bọ́ọ̀lù náà á lè wà ní ìkáwọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, àti iye àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó wà níbẹ̀ àti ibi tí wọ́n dúró sí. Gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ẹsẹ̀ ń sáré, tí àyà ń lù kìkì. Láti 2016 pàápàá, bí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn bá ń gbìyànjú láti gba bọ́ọ̀lù nínú àpótí iwájú ilé rẹ̀, tó wá gbé ọ̀tá ṣubú, tí rẹfirí sì fi pẹnáritì sí i, káàdì yẹ́lò ni ti ẹ̀ṣẹ̀ yẹn, kì í ṣe pupa mọ́. Ọdún mélòó ti kọjá láti 2016? Àwọn tó ń gbowó láti sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n ṣì ń sọ pé pupa ni. Àwọn tó ń wò wọ́n á gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọ́n á wá fi gún ọmọ ọlọ́mọ lára.

Lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́, mo gbà fún yín. Àwọn tó ń ṣòfin ló da ìyẹn rú. Ní 2019 wọ́n ní bí bọ́ọ̀lù bá kan ọwọ́ ẹni tó ń kọlu ilé, kódà bí kò mọ̀ọ́mọ̀, tí ó sì bí góòlù, góòlù náà ò dúró. Nígbà tó di 2021 wọ́n tún yí i padà, wọ́n ní bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣèèṣì kàn kí ó tó gbá a wọlé, góòlù wà. Ta ni ìyẹn ò ní dàrú mọ́ lójú? Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 16 kò sí níbi tí wọ́n ti jókòó ṣe é.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wá sọ pé mò ń gbèjà ẹlẹ́bi. Àwọn rẹfirí ń ṣàṣìṣe, àṣìṣe àwọn míì sì burú jáì. Ní Ife Àgbáyé 2006, Graham Poll fi káàdì yẹ́lò han Josip Šimunić ti Croatia lẹ́ẹ̀mẹta kó tó lé e jáde. Lẹ́ẹ̀mẹta! Ní 2010, bọ́ọ̀lù tí Frank Lampard gbá sínú ilé Jámánì kọjá ìlà dáadáa, rẹfirí ò rí i, ẹni tó ń gbé àsíá náà ò rí i, England sì jìyà 4-1. Ó dunni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e: wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìlà wọlé, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ife Àgbáyé 2014. Ẹ̀rọ ló tán ìṣòro yẹn. Kò sí èébú kan tó tán an.

Olè náà sì wà, mi ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2016, Joseph Lamptey, rẹfirí ọmọ Gánà, fún Gúúsù Áfíríkà ní pẹnáritì, ó ní bọ́ọ̀lù kan ọwọ́ Kalidou Koulibaly ti Sẹ̀nẹ̀gà. Orúnkún ló kàn. FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, wádìí rẹ̀, wọ́n dá a lẹ́bi pé ó darí èsì eré lọ́nà àìtọ́, wọ́n lé e kúrò nínú bọ́ọ̀lù títí ayé, wọ́n sì mú kí wọ́n tún eré náà gbá ní 2017. Mo pàtẹ́wọ́ sí i. Ẹni tó bá ta èsì eré, kó má fọwọ́ kan fèrè mọ́ láé. Àmọ́ wọ́n wádìí kí wọ́n tó pè é lẹ́bi! Ẹ̀yin ń pe ẹni tó fọn fèrè lòdì sí ẹgbẹ́ yín ní olè kí bọ́ọ̀lù tó dúró. Bí gbogbo rẹfirí bá ti jẹ́ olè lẹ́nu yín, orúkọ wo lẹ fẹ́ pe olè gidi lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i?

Ẹ jẹ́ kí n kọjú sí àwọn ọ̀gá bọ́ọ̀lù báyìí, nítorí wọn ò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n gbé VAR, ètò fídíò tí wọ́n fi ń tún ìpinnu rẹfirí wò, wọlé sínú òfin ní 2018, wọ́n ní nǹkan mẹ́rin péré ló wà fún: góòlù, pẹnáritì, káàdì pupa tààrà, àti bí rẹfirí bá fi káàdì han ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀. Wọ́n ní àṣìṣe tó hàn gbangba nìkan ni àwọn fẹ́ tún ṣe. Ó dáa. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2023 dé, Tottenham ń gbá Liverpool, Luis Díaz ti Liverpool gbá bọ́ọ̀lù wọlé, àsíá sókè. Àwọn tó wà nídìí fídíò wò ó, wọ́n rí i pé kò sí ọ́fúsáìdì. Ṣùgbọ́n wọ́n rò pé góòlù ni rẹfirí ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ó ti parí, kí eré máa lọ. Nígbà tí ojú wọn là, eré ti tún bẹ̀rẹ̀, òfin ò sì gbà wọ́n láyè láti padà sẹ́yìn. Gbogbo ẹ̀rọ yẹn, gbogbo owó yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló bà á jẹ́!

Kí ló dé tí wọn kì í jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lásìkò tí wọ́n ń sọ ọ́? Nínú rugby, ẹni tó ń wo eré nílé ń gbọ́ ohùn rẹfirí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń sọ ohun tó rí, ó ń sọ ìdí tó fi ṣe é, agbábọ́ọ̀lù tó ga tó igi ọ̀pẹ á dúró níwájú rẹ̀, á máa pè é ní "sà". Nínú bọ́ọ̀lù, ó di 2023 kí FIFA tó jẹ́ kí rẹfirí fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ ìpinnu VAR fún àwọn tó wà nínú pápá. 2023! Ibi tí ẹnikẹ́ni ò bá ti ṣàlàyé ni irọ́ ti ń rí ilé kọ́ sí. Àwọn ọ̀gá ló pa ẹnu mọ́, rẹfirí ló ń jẹ èébú rẹ̀.

Ẹ̀yin agbábọ́ọ̀lù ńlá, ẹ ò ní lọ láìgbọ́ tiyín. Fèrè dún, ènìyàn márùn-ún, mẹ́fà, mẹ́jọ á bo rẹfirí bí oyin, wọ́n á máa taari àyà, wọ́n á máa pariwo sí i létí. Kí ni òfin wí? Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe tako ìpinnu, káàdì yẹ́lò. Ẹni tó bá bú u, káàdì pupa. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Rẹfirí tó bá lò ó ni ẹ ń pè ní agbéraga tó fẹ́ kí gbogbo ayé máa wo òun. Ní Euro 2024, UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, ní balógun ikọ̀ nìkan ló lè wá béèrè àlàyé lọ́wọ́ rẹfirí, ẹlòmíràn tó bá sún mọ́ ọn máa gba káàdì. Eré ò bà jẹ́, pápá sì rọlẹ̀. Ó ṣeé ṣe nígbà náà, kí ló dé tí ẹ fi ń fi ṣeré láti gbogbo ọdún yìí?

Àwọn ọmọ ń wò yín. Mo rí ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tó fi ìka méjèèjì ya àpótí fídíò sójú òfurufú, tó ń sáré tẹ̀ lé rẹfirí pé kó lọ wo VAR. Orí pápá tí kò ní ju òpó ilé mẹ́rin lọ! Àkọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ ń wò ó, kò bá a wí. Ó tún ń mi orí sí rẹfirí ni.

Ibi tí ọ̀nà yìí ń lọ, a ti rí i. Anders Frisk, ọmọ Sweden, wà lára àwọn rẹfirí tó dára jù ní Yúróòpù. Ní 2005, lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Barcelona àti Chelsea, ìhalẹ̀ ikú tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí òun àti ìdílé rẹ̀ pọ̀ débi pé ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2023 ní Tọ́kì, ààrẹ ẹgbẹ́ Ankaragücü fúnra rẹ̀ ló wọ pápá, ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu rẹfirí Halil Umut Meler lójú, wọ́n sì tún ta á nípàá nígbà tó ṣubú. Wọ́n dá líìgì dúró fún ọjọ́ mélòó kan, gbogbo ayé ní irú èyí ò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́.

Àmọ́ èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti Netherlands, ní oṣù Kejìlá 2012. Bàbá kan yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti gbé àsíá níbi tí ọmọ rẹ̀ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí eré parí, àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ikọ̀ kejì kọlù ú, wọ́n lù ú, wọ́n ta á nípàá lórí. Ó kú lọ́jọ́ kejì. Lórí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé! Àwọn ọmọ tó lù ú, ta ló kọ́ wọn pé ẹni tó gbé àsíá kì í ṣe ènìyàn? Wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá láti kékeré ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, alákòóso ìdíje wa pè mí, ó ní kò sí rẹfirí fún Sátidé tó ń bọ̀. Mo pe ọmọ náà, ó ní, "Ẹ máà bínú, sà, mi ò lè wá." Nígbà tó di alẹ́, bàbá tó ń pariwo ọ́fúsáìdì yẹn kan náà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó fẹ́ mọ̀ bóyá eré máa wáyé, nítorí ọmọ òun ti ń fọ bàtà dè é.

Èsì mi rèé, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí i bẹ́ẹ̀. Kí ó wá kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Kí ó dúró ní ibi tó dúró sí ní Sátidé tó kọjá, kí ó bẹ ọmọ yẹn lójú gbogbo àwọn tó gbọ́ èébú rẹ̀, kí ohùn rẹ̀ sì ga bó ṣe ga lọ́jọ́ náà. Bí kò bá wá, èmi náà ò ní fọn fèrè. Kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù padà sílé.