Àwọ̀n wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kò tó fún ilé adìyẹ
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ sọ pé àwọ̀n wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ti tó fún ilé adìyẹ téèyàn kọ́kọ́ kọ́, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè sé adìyẹ mọ́lé lóòótọ́, àmọ́ ajá á fi eyín fà á ya, eku á sì gba ojú ihò rẹ̀ wọlé. Mo ti jí bá ìyẹ́ lásán nílẹ̀ rí, ó dùn mí gan-an. Àwọ̀n onírin tí wọ́n fi iná jó pọ̀, tí ihò rẹ̀ kò ju ìdajì ínṣì lọ, ni kí ẹ rà. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ tó ínṣì 12 yí ilé náà ká, torí àwọn ẹranko kan máa ń gbẹ́lẹ̀ wọlé. Ẹ má sì dí ojú atẹ́gùn tó wà lókè ilé pa. Ibẹ̀ ni ooru àti òórùn ìgbẹ́ adìyẹ ń gbà jáde.