"Ìgbà àkọ́kọ́ ni, wọ́n á kàn ní kó sanwó": irọ́ ni o

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Dagenham, ní London, ni mo tún ti gbọ́ ọ. Bọ̀dá kan tó ti gbé ìlú yìí pẹ́ jù mí lọ ló ń ki ọmọkùnrin kan láyà, ọmọ tó ti mu ìgò mélòó kan tó sì fẹ́ wa ọkọ̀ lọ sílé. "Fọkàn balẹ̀. Bó o bá tiẹ̀ fi gbá nǹkan, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ ni. Wọ́n á ní kó o san fáìnì, ìnṣọ́ránsì á tún ọkọ̀ ṣe, ó parí." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?" Wọ́n ní gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Gbogbo ayé ò mọ nǹkan kan. Ní England àti Wales, ẹni tí kọ́ọ̀tù bá dá lẹ́bi pé ó mutí kọjá òdiwọ̀n wa ọkọ̀, dandan ni kí wọ́n gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù 12, ó kéré tán. Ẹkún kò lè yí i padà, lẹ́tà pásítọ̀ kò lè yí i padà, ọmọ tí o ń gbé lọ síléèwé láràárọ̀ kò lè yí i padà. Ìdí pàtàkì díẹ̀ ni òfin fàyè gbà, bíi kí ẹlòmíì ti da ọtí sínú ohun tí ò ń mu láìjẹ́ kó o mọ̀, ìwọ náà lo sì máa mú ẹ̀rí wá. Oṣù 12 yẹn gan-an, ti ẹni tí kò ṣẹ̀ rí ni. Ẹni tí wọ́n bá tún dá lẹ́bi láàárín ọdún 10, ọdún 3 ni tiẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìtanràn tí kò ní gbèdéke tún wà ńbẹ̀, ẹ̀wọ̀n sì lè tó oṣù 6. Òdiwọ̀n ọtí nínú èémí ni máíkírógíráàmù 35 nínú mílílítà 100 èémí. Bí ẹ̀rọ bá ti kà á dé 120, ẹ̀wọ̀n ni ìlànà àwọn adájọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Scotland tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: 22 ni tiwọn láti oṣù Kejìlá 2014.

Mo tẹ̀lé ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí kọ́ọ̀tù májísíréètì. Iṣẹ́ kíà ló ń ṣe, láti ilé arúgbó kan sí òmíràn. Ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló gbá lóru ọjọ́ kan tó ń ti òde bọ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó kéré ni wọ́n mú, ẹ̀rọ sì tẹ ìwé pélébé kan jáde: 58. Lọ́jọ́ ẹjọ́, màdáámù adájọ́ tó jókòó láàárín kò pariwo, kò bú u. Ó bi í ní iye tó ń gbà lọ́sẹ̀, torí iye tó ń wọlé fún èèyàn ni wọ́n fi ń ṣírò ìtanràn; irú tiẹ̀, owó ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀ ni ìlànà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n yọ díẹ̀ kúrò. Wọ́n wá gbé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìtanràn náà lé e, pẹ̀lú owó tí ìjọba ná sórí ẹjọ́. Láísẹ́ǹsì, oṣù 16. Bọ́ọ̀sì la wọ̀ padà sílé. Kò pẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ fi sọ fún un pé kò sí ṣífíìtì fún ẹni tí kò lè wakọ̀.

Ìtanràn yẹn gan-an, owó ẹ̀wà ni. Lẹ́tà ìnṣọ́ránsì ló dá a jókòó. "Mo ní comprehensive", ìyẹn ìnṣọ́ránsì tó ń tún ọkọ̀ ẹni náà ṣe, ni gbogbo wọn máa ń sọ. Ẹ lọ ka ìwé ìnṣọ́ránsì yín, níbi tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sọ ọ́ kedere pé bí awakọ̀ bá ti mutí kọjá òdiwọ̀n, àwọn kò ní tún ọkọ̀ tiẹ̀ ṣe. Ẹni tó gbá ńkọ́? Abala 151 nínú Road Traffic Act 1988 fi dandan lé e pé kí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì sanwó fún onítọ̀hún. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti máa ń pa ìwé dé. Wọ́n á san án lóòótọ́, wọ́n á sì yíjú sí ọ pé kó o san án padà fún àwọn. Ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi di panti, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ń san gbèsè tó fi rà á lóṣooṣù, kí lẹ́tà tó wá dé pé kó tún san owó ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Ó ti tú lẹ́tà yẹn, ó ti ká a, ó tún tú u, débi pé ojú ìká rẹ̀ ti ń ya. Ó dáa, kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló ń lépa owó náà dópin. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìyẹn ta tẹ́tẹ́, ọwọ́ ẹ̀ ló wà.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti gbé èrò yìí wá. Nílé, ₦5,000 ni FRSC kọ síwájú ẹ̀ṣẹ̀ yìí nínú ìwé ìtanràn wọn fún ọdún pípẹ́. UK kọ́ nìyẹn. Ẹlòmíì á ní òun mọ ẹni tí ọlọ́pàá kìlọ̀ fún lásán. Iye tí ẹ̀rọ kà kò tó èyí tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ lọ kọ́ọ̀tù ni. Àwọn tó ní ẹ̀bà á gbá ọtí lọ, ẹ̀dọ̀ ló ń gbá ọtí, nǹkan bíi yúníìtì 1 (mílílítà 10 ọtí pọ́ńbélé) ní wákàtí kan, kò sì ní yára torí ẹ̀bà.

Bí oṣù 12 bá sì pé, kò tíì tán. DR10, àmì ẹ̀ṣẹ̀ ọtí tí wọ́n kọ sórí láísẹ́ǹsì, ọdún 11 ló ń lò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á béèrè ẹ̀ṣẹ̀ ọdún 5 sẹ́yìn kí wọ́n tó dá owó lé ọ, wàá sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó NMC, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, létí. Ẹni tó ń wá ìwé ọmọ ìlú, fọ́ọ̀mù á bi í. Bí èèyàn bá wá kú nínú jàǹbá náà, láti oṣù Kẹfà 2022, ó lè di ẹ̀wọ̀n gbére, ìgbà àkọ́kọ́ tàbí ìgbà kẹwàá.

Èyí tó tún ń bí mi nínú ni ti àwọn tó ń sọ pé, "Má kàn fẹ́ ẹ̀rọ wọn ni." Àìfẹ́ ti àgọ́ ọlọ́pàá láìnídìí, ẹ̀ṣẹ̀ ni fúnra rẹ̀: oṣù 12 kan náà ó kéré tán, oṣù 6 kan náà lẹ́wọ̀n. DVLA, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, á sì kà ọ́ mọ́ àwọn tó léwu jù, tí dókítà wọn gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó dá láísẹ́ǹsì padà.